Ẹṣin Kì í Bì: Bí A Ṣe Ń Mọ Irú Inú Rírun Tó Ń Ṣe É

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ pé dókítà ẹranko ni mí. Ajá àti ológbò la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí níbí, torí àwọn ló pọ̀ nílé yín. Ẹṣin ló kàn lónìí.

Ọ̀kan nínú yín ló fà á. Ó fi vídíò kan ránṣẹ́ sí mi láti etíkun kan l'Ékòó. Ẹṣin kan tí wọ́n fi ń gbé àwọn tó wá jayé kiri dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ń yí gbiri-gbiri, ó dìde, ó tún dùbúlẹ̀. Àwọn tó dúró yí i ká ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ ń pariwo pé ẹṣin ń jó. Ẹni tó fi vídíò yẹn ránṣẹ́ wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Dókítà, ṣé eré ló ń ṣe ni, àbí nǹkan ń ṣe é?"

Ìbéèrè tó dáa ni. Òótọ́ ni pé ẹṣin máa ń yí nílẹ̀ fún ìgbádùn ara rẹ̀. Àmọ́ tí èyí tó ń gbádùn bá yí tán, á dìde, á gbọn iyanrìn dànù lára, á sì wá nǹkan jẹ lọ. Ẹṣin inú vídíò yẹn ò gbọn ara rárá. Ó dìde, ó yíjú wo ìhà rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan gún un níbẹ̀, ó fi pátákò ẹsẹ̀ iwájú wa ilẹ̀, ó tún dùbúlẹ̀. Inú ló ń run ún.

Òyìnbó ń pe inú rírun ẹṣin ní colic. Kì í ṣe orúkọ àìsàn kan pàtó. Bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pé "inú ń run mí" ni. Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, ó lè jẹ́ aràn, ó lè jẹ́ pé ìgbẹ́ gan sínú, ó sì lè jẹ́ pé ìfun lọ́ mọ́ra wọn tí ẹ̀jẹ̀ ò lè débẹ̀ mọ́. Ìrora kan náà lẹ ó rí lójú ẹṣin. Nítorí náà, tí wọ́n bá pè mí, orúkọ àìsàn kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ìbéèrè kan ni mo máa ń gbé dání lọ: ṣé èyí tó lè dúró dè wá ni, àbí èyí tí ò lè dúró? Gbogbo àyẹ̀wò tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ẹṣin ná. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹṣin kì í bì. Ẹran ara tó wà lẹ́nu àpò oúnjẹ inú rẹ̀ le koko, ó ń fún ẹnu ibẹ̀ pa bí okùn tí wọ́n fi di ẹnu àpò. Ohun tó bá ti wọlé, kò gba iwájú padà mọ́. Àpò oúnjẹ yẹn gan-an ò sì tóbi. Ẹran tó wọn 400 kílò sókè, lítà 8 sí 15 péré ni àpò oúnjẹ rẹ̀ ń gbà. Kò kún kẹ́ẹ̀gì omi tẹ́ ẹ ní nílé. Tí ìdíwọ́ bá wà níwájú, tí omi àti afẹ́fẹ́ ń kún ibẹ̀, tí ẹṣin ò sì lè bì, àpò yẹn lè bẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfun kékeré, tó gùn ju 20 mítà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìfun ńlá, níbi tí koríko ti ń rẹ tó ń kan, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ ọ́ di agbára fún ẹṣin. Ibẹ̀ fẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ní ibì kan tó ti fẹ́ ṣẹ́rí padà, ó fún lójijì. Ẹ fojú inú wo ọ̀nà tí mọ́tò mẹ́rin lè gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó wá di ẹyọ kan ṣoṣo níbi tó ti fẹ́ yà. Ẹ̀yin ará Èkó, mi ò ní ṣàlàyé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún yín. Ibẹ̀ ni koríko gbígbẹ tí ò rí omi tó ti sábà máa ń há. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ìfun yìí kò so mọ́ ibì kan gírígírí. Ó lè rìn, ó lè yí, ó lè lọ́, bí okùn earpiece tẹ́ ẹ kì bọ àpò ṣòkòtò.

Ó dáa. Mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹṣin. Kí ni mo máa ṣe?

Màá kà. Kí n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ kankan, màá ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà lábẹ́ egungun àgbọ̀n ẹṣin, tẹ́ ẹ bá rọra fi ìka wá a, ẹ ó rí i tó ń ta pútú-pútú. Tàbí kí ẹ gbé ọwọ́ sí àyà rẹ̀ lápá òsì, lẹ́yìn ìgúnpá. Ẹ tẹ stopwatch orí fóònù yín, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Àgbà ẹṣin tí ara rẹ̀ balẹ̀, láàárín 28 sí 44 ni ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Tí mo bá gbọ́ 50, màá ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì tún kà á láìpẹ́. Tó bá ti kọjá 60, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lọ́wọ́ mi. Tó bá ń lọ sí 80, tí kò sì sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń di ti ikú àti ìyè.

Kí ló dé tí mo fẹ́ràn iye yìí ju ariwo ẹṣin lọ? Ìrora a máa tan èèyàn jẹ. Ẹṣin kan á yí nílẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ díẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Òmíràn á dúró jẹ́ẹ́, á sorí kodò, bẹ́ẹ̀ ìfun rẹ̀ ti ń kú. Ọkàn kì í sábà parọ́. Àmọ́ o, ẹ má kà á nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, tàbí nígbà tí ẹ̀rù ń bà á, torí ìyẹn náà á gbé e sókè.

Ẹ ṣí ètè rẹ̀ sókè, ẹ wo erìgì. Ó yẹ kó tutù, kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí tó fi funfun, kí ẹ gbé ìka kúrò. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó yẹ kí àwọ̀ rẹ̀ ti padà. Tó bá gbẹ, tó pọ́n bíi bíríkì, tàbí tí ìlà aláwọ̀ àlùkò yí ẹsẹ̀ eyín ká, májèlé ti ń ti inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí náà, ẹ lè fi fóònù yà á ránṣẹ́ sí dókítà. Fọ́tò erìgì wúlò fún mi ju vídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹṣin fi ń yí nílẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, màá gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà mi lé ikùn rẹ̀ níbi mẹ́rin: òsì lókè, òsì nísàlẹ̀, ọ̀tún lókè, ọ̀tún nísàlẹ̀. Inú ẹṣin tó dáa kì í dákẹ́. Lókè lápá ọ̀tún, ẹ ó máa gbọ́ ohùn kan tó ń dún bí àrá tó jìnnà, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan. Tí gbogbo ibẹ̀ bá dákẹ́ lọ wẹlo, ó burú.

Èyí ló mú mi padà sọ́dọ̀ ẹṣin etíkun yẹn. Ẹni tó fi vídíò ránṣẹ́ bá mi wá nọ́ńbà ẹni tó ni ín, mo sì lọ ní ọjọ́ kejì. Bàbá tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, tó bá ṣe é tán á jẹun díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní 48. Erìgì rẹ̀ dáa. Mo gbé ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, níwájú. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ń dún ṣàà, ó dákẹ́, ó tún dún ṣàà, bí ìgbì òkun tó ń wọ́ iyanrìn lọ tó ń wọ́ ọ bọ̀. Òkun gidi ń dún lẹ́yìn mi, òmíràn ń dún nínú ẹṣin. Iyanrìn ni. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń da koríko àti èèrí ọkà sí fún un, ó sì ń bá iyanrìn gbé e mì lójoojúmọ́.

Mo fi ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ sínú ìbọ̀wọ́ róbà gígùn, mo bu omi sí i, mo gbé e kọ́. Nígbà tó tó ogún ìṣẹ́jú, ìka ìbọ̀wọ́ yẹn ti wúwo. Mo ní kí Bàbá fọwọ́ kàn án. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wò mí, ó ní, "Dókítà, gbogbo èyí ló wà nínú rẹ̀?" Mo ní, "Bàbá, èyí tó jáde nìyẹn o." Ẹ̀yin náà lè fi nylon tó mọ́ ṣe é nílé. Àmọ́ tẹ́ ẹ ò bá rí iyanrìn nínú rẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ búra pé kò sí níkùn, torí nígbà míì ó jókòó síbẹ̀ láìjáde.

Èyí jẹ́ irú èyí tó lè dúró dè wá. Èèpo psyllium àti iyọ̀ Epsom tí a pò mọ́ omi la fi róbà gbà fún un, ọjọ́ mélòó kan léra wọn, a sì gbé oúnjẹ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ sínú ọpọ́n ńlá. Ìgbẹ́ rẹ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ̀yin ẹ sáà fojú inú wò ó, bí ẹni ń kó iyanrìn fún bíríkìlà. Ẹṣin yẹn ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ Bàbá. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo dárúkọ róbà. Róbà gígùn kan ni, ihò imú ló ń gbà dé àpò oúnjẹ. Ṣé ẹ rántí pé ẹṣin kì í bì? Róbà yẹn ló ń bá a bì. Tí mo bá tì í wọlé, tí omi tó ju lítà méjì lọ wá ń tú jáde fúnra rẹ̀, mo mọ̀ pé ìdíwọ́ wà ní ìfun kékeré, tàbí pé ìfun yẹn ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Àyẹ̀wò ni, ìtúsílẹ̀ náà sì ni, torí àpò tí ì bá bẹ́ ti fúyẹ́. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi tí mo bá rí i tí wọ́n ń da epo pupa, tàbí òróró, tàbí mínírà sí ẹṣin lẹ́nu nígbà tí inú ń run ún. Ẹ̀ ń rọ omi sínú kẹ́ẹ̀gì tó lè ti kún. Bó bá sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, a ti sọ àìsàn kan di méjì.

Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e ni èyí táwọn ọmọ iléèwé wa fi máa ń ṣe ẹlẹ́yà. Màá wọ ìbọ̀wọ́ dé èjìká, màá ki ọwọ́ bọ ihò ìdí ẹṣin. Kò tó ìdajì ikùn tí ọwọ́ lè kàn, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ìgbẹ́ tó há á máa rí bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò fún búrẹ́dì, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìka á dúró níbẹ̀. Ìfun kékeré tó wú á dà bíi tíúbù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Tí mo bá kan ìyẹn, inú mi á kọ́kọ́ bàjẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò kọ́ṣẹ́ o, ẹ má dán an wò. Ìfun ibẹ̀ lè ya, tó bá sì ya, ẹṣin lè kú.

Tí ọkàn mi ò bá tíì balẹ̀, màá fi abẹ́rẹ́ gba omi díẹ̀ lábẹ́ ikùn rẹ̀. Omi yẹn yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi tíì tí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, kó sì mọ́ débi pé tẹ́ ẹ bá gbé e síwájú fóònù, ẹ lè ka ọ̀rọ̀ WhatsApp láti ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi omi là, ìfun kan ń kú lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aboyún náà ń ràn wá lọ́wọ́. Àwọn kan tiẹ̀ wà báyìí tó ń so mọ́ fóònù.

Kí n yà sí kọ̀rọ̀ díẹ̀: gbogbo ohun tó ń yí nílẹ̀ kọ́ ni inú ń run. Ẹnì kan pè mí rí, ó ní abo ẹṣin òun ń kú lọ, inú ń run ún. Abo ẹṣin yẹn ń rọbí ni. Ọmọ ti yọ ẹsẹ̀ kí n tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti abo ẹṣin kan tí mo tọ́jú n'Íbàdàn. Ọmọ ọdún 9 ni. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ẹran nítòsí gún un ní abẹ́rẹ́ apàrora, ó tún gún un lẹ́ẹ̀kejì ní aago mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó ka ọkàn rẹ̀. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, ẹni tó ni ín fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Dókítà, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu mọ́, ó ti sàn. Ó ti dúró jẹ́ẹ́."

Mo pè é padà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún Mállàm ní fóònù, kó bá mi ka ọkàn rẹ̀." Mállàm yẹn ló ti ń tọ́jú ẹṣin náà látìgbà tí wọ́n ti kó o wá láti òkè Ọya. Ó kà á. 92.

Ẹ rò ó wò. Ẹṣin tó ti sàn, kí ni ọkàn rẹ̀ ń sá fún?

Nígbà tí mo débẹ̀, etí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù nini, òógùn bò ó, erìgì rẹ̀ ti dúdú. Mo fi abẹ́rẹ́ gba omi ikùn. Omi yẹn rí bí omi gọ́tà, koríko kéékèèké ń léfòó nínú rẹ̀. Ìfun ti bẹ́. Tí ìfun tàbí àpò oúnjẹ bá kún tó ń fà, ìrora rẹ̀ kọjá sísọ. Tó bá bẹ́, fífà yẹn á dópin, ìrora ńlá á rọlẹ̀, gbogbo ilé á sì máa dúpẹ́. Abẹ́rẹ́ apàrora tún bo ìyókù mọ́lẹ̀. Kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè wo ìyẹn, ìbáà jẹ́ níbikíbi láyé. Ẹni tó ni ín bẹ̀ mí pé ká fi í sílẹ̀ di àárọ̀, bóyá. Mo ní rárá, ìyà lásán la ó fi jẹ ẹ́. Mállàm bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní òun fúnra òun lòun máa di okùn mú. Abẹ́rẹ́ tó fi sùn, kò dìde mọ́.

Mi ò sọ pé apàrora burú. Èmi náà ń lò ó, ojoojúmọ́ ni. Mi ò ní wo ẹranko kó máa joró kí n lè ráyè ṣe àyẹ̀wò. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ kà kí ẹ tó gún un, kí ẹ kọ iye náà àti aago sílẹ̀, kí ẹ sì tún kà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ìrora bá padà kó tó pẹ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tàbí tí ẹṣin dákẹ́ àmọ́ tí iye yẹn ń gòkè, ẹ má gún un lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ni èyí tí ò lè dúró.

Ẹ ó ní, ṣé kò sí iṣẹ́ abẹ ni? Ó wà. Ní Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìfun bá lọ́, wọ́n á gbé ẹṣin lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á kùn ún lóorun, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á la ikùn, wọ́n á tú ìfun, wọ́n á gé èyí tó ti kú kúrò. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí wọ́n ti lè ṣe é ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì lè ju owó tí wọ́n fi ra ẹṣin lọ. Àwọn kan á wá ní, kí la wá ń fi àyẹ̀wò ṣe? Èmi rí i ní òdìkejì. Ibi tí ò ti sí iṣẹ́ abẹ gan-an ni wákàtí àkọ́kọ́ ti níyelórí jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú inú rírun ẹṣin ni omi, róbà àti oògùn lè wò, tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ tó há lónìí lè rọ̀. Tí a bá fi sílẹ̀ pẹ́, ògiri ìfun tó fà mọ́ ọn lè kú.

Ohun tó ń fà á lọ́dọ̀ wa kò fara sin. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tó wà l'Ékòó àti n'Íbàdàn, òkè Ọya ni wọ́n ti kó wọn wá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kó wọn wá fún àwọn ará Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, torí eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí wọ́n gbèrú nínú igbó wa. Ẹṣin á dúró lórí ọkọ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìmu omi. Tó bá dé, wọ́n á da ọkà bàbà tí kò jẹ rí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún un rẹpẹtẹ. Oúnjẹ tuntun yẹ kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nylon omi tẹ́ ẹ jù sílẹ̀ létíkun náà wà níbẹ̀, ẹṣin tí ebi ń pa á gbé e mì. Aràn ńkọ́? Irú kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ìfun, ẹ̀jẹ̀ á dì níbẹ̀, ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Eyín tí ò dọ́gba náà ń kó bá a, torí koríko tí kò lọ̀ kúnná á lọ há níbi kọ́nà yẹn.

Tí ẹ bá wà níbi tí inú ti ń run ẹṣin, ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. Tó bá ń yí nílẹ̀ burúkú, ẹ rọra mú un rìn kó má ṣe ara rẹ̀ léṣe, àmọ́ ẹ má rìn ín títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Rírìn kì í tú ìfun tó lọ́. Tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ wá fi nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́ sí dókítà: iye ìlù ọkàn àti aago tẹ́ ẹ kà á, fọ́tò erìgì, ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn, ohun tó jẹ, àti gbogbo oògùn tí wọ́n ti fún un, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti sọ.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́, ohùn tàbí àkọsílẹ̀, èyíkéyìí ló dáa. Ẹnì kan ti béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹnu ẹṣin wo eyín láì jẹ́ kó gé èèyàn níka. Ìyẹn la ó gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.